Fìlà Orí Ìbọn Ààrẹ

Ẹni tí kò bá tíì rí ìbọn tó dé fìlà rí, kó fa àga sún mọ́bí. Kì í ṣe ìbọn ọba, kì í ṣe ìbọn ọ̀gágun. Ìbọn Ààrẹ Akíntóyè ni, olórí Ẹgbẹ́ Ayìnbọn Ọmọ Káàárọ̀-Oòjíire ti Àtìláńtà, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sín, ìdajì ẹgbẹ́ ló máa ń dìde kí i.

Ẹgbẹ́ jẹ́jẹ́ ni ẹgbẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á kóra jọ sí pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn Fairburn, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ti parí tí igbó páìnì sì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń bẹ nínú wọn, oníṣirò owó ń bẹ, pásítọ̀ pàápàá ń bẹ. Wọ́n á jókòó ti tábìlì, wọ́n á máa yìnbọn sí bébà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, bí ìró bá sì rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ṣí kúlà, wọ́n á bu ìrẹsì jẹ. Fàájì lásán ni. Akíntóyè ló sọ ọ́ di ìjọba.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ka oyè rẹ̀ tán: Ààrẹ Àyìnbọn-má-tàsé, Ojú Àwòdì, Baba Ọta, Ọkọ Ẹ̀tù. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí ohun tí wọ́n fi bo etí kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn títí òun yóò fi yìn. Bó bá yìn tán, yóò di ojú méjèèjì, yóò gbé àgbọ̀n sókè, yóò sì dúró kí ìyìn wá bá òun. Ààrẹ kì í fúnra rẹ̀ wo ibi tí ọta rẹ̀ bà. Ó ní ẹni tó bá gbin iṣu kì í tún lọ máa yọjú wò ó bóyá ó ta. Olúdáre ni yóò rìn lọ sí ìdí bébà, tí yóò yọ ọ́, tí yóò sì gbé e wá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú yẹ̀pẹ̀ pupa.

Ta ni Olúdáre? Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Akíntóyè ń ṣe alábòójútó rẹ̀ ní Fayetteville. Shift ọ̀sán ló ń wá. Akíntóyè ló ń pín shift. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ni kò ní dọ̀bálẹ̀?

Ṣùgbọ́n ká má tàn yín, ibi iṣẹ́ yẹn gan-an, wọn kò ka Akíntóyè sí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Òyìnbó tó ga jù ú lọ kò lè pe orúkọ rẹ̀, Mister A ni wọ́n ń pè é. Nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbójú sókè lórí fóònù bó bá wọlé. Gbogbo ayé rẹ̀, àga aláwọ pupa tó wà lábẹ́ àtíbàbà pápá ìyìnbọn yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń pè é ní Ààrẹ. Àga yẹn ló ń mú un jí láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di Mister A láti Mọ́ńdè títí dé Sọ́ńdè.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe dé orí rẹ̀. Bàbá Mùkáílà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni pẹ̀lẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá náà, Akíntóyè dìde nínú ìpàdé, ó ní ìtìjú gbáà ni kí olórí ayìnbọn má ríran. Ó gbé òfin kan kalẹ̀ tó pè ní Òfin Àwo. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Àwo, olórí gbọ́dọ̀ yin ọta mẹ́ta sí àwo irin funfun tó wà ní ìsàlẹ̀ pápá lọ́hùn-ún. Bí ẹyọ kan bá bà á, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàsé, kó dìde lórí àga lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà ní pápá tó bá kọ́kọ́ ba àwo gorí rẹ̀. Kò sí ìbò, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Bàbá Mùkáílà yin mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba inú igbó lọ. Akíntóyè yin ọ̀kan, àwo dún gbàn-án. Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ nu eruku orí àga, ó sì kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Akíntóyè gbẹ́ tirẹ̀ débi tí omi fi ń sun níbẹ̀.

Ọta tó ba àwo lọ́jọ́ náà, Títílọpẹ́ ló fọwọ́ dì í. Apòògùn ni Títílọpẹ́ ní Norcross, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀. Kì í ra ọta tí wọ́n ti dì tán. Yóò kó ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn jọ, yóò fọ̀ ọ́, yóò wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kékeré, yóò ti orí ọta bọ̀ ọ́. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ẹ̀tù tó bá a lára mu, bí ara èèyàn ṣe rí sí oògùn. Fún ìbọn Akíntóyè, ó dì díẹ̀, wọ́n yìn ín wò. Ó fi díẹ̀ kún un, wọ́n tún yìn ín wò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí ihò ara bébà fi kóra jọ sójú kan. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà ọ̀fun ìbọn náà bíi tirẹ̀. Akíntóyè gba ọta, ó gba ìyìn, kò sì kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ya fọ́tò Ààrẹ lórí àga pupa. Ó gbé fọ́tò náà sókè, ó gbé e sílẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Òun dé fìlà, ìbọn tó fà lọ́wọ́ kò dé nǹkan kan. Àgbà kì í jáde láìdé fìlà. Kí ló wá dé tí ìbọn àgbà ń rìn kiri lórí òfo? Ó wá oníṣẹ́ irin kan rí ní Norcross, ó ní kó ṣe ohun tí àwọn ayìnbọn máa ń dé sí ẹnu ìbọn yẹn fún òun, èyí tó ní ihò lọ́tùn-ún lósì tí afẹ́fẹ́ ẹ̀tù ń gbà jáde kí ìbọn má baà ta ni léjìká jù. Kí ó tóbi. Kí ó pọ́n bíi góòlù. Kí wọ́n fín orúkọ òun sí i yí ká. Ẹnu ìbọn ni gbogbo ayé ń dé e sí, ṣùgbọ́n Ààrẹ ní orí ìbọn ni, àwọn ẹgbẹ́ sì ní orí ìbọn ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ó sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì inú kúlà fi tutù. Ó ní láti ìgbà tí ìbọn ti délé ayé, kò sí ẹni tó ro tirẹ̀ bíi tòun. “Àwọn Òyìnbó ṣe ìbọn, wọn kò rántí iyì rẹ̀. Èmi Akíntóyè ni mo rántí. Láti òní lọ, ọta tó bá gba abẹ́ fìlà mi kọjá yóò mọ̀ pé ilé ọlọ́lá lòun ti jáde, kò sì ní lè ṣìnà mọ́.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó yin ọta mẹ́ta, ó di ojú.

Olúdáre rìn lọ sí ìdí bébà. Ó wo àárín bébà, kò rí nǹkan kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí ihò kan ní igun òkè lápá òsì. Méjì yòókù, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Ààrẹ tó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ronú ọmọ tuntun tó wà nílé, ó ronú shift ọ̀sán. Ó fa báírò yọ lápò, ó gún àárín bébà ní ìgbà mẹ́ta, ó ya igun òkè dànù, ó sì sáré padà wá dọ̀bálẹ̀.

Àtàǹpàkò kan ṣoṣo bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akíntóyè fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó mú bébà lọ fi sínú férémù onígíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e kiri bí ẹni gbé àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti kú. Gbogbo Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni: ìbọn á dún, ojú á dì, báírò á ṣiṣẹ́. Shift ọ̀sán bọ́ sọ́wọ́ Olúdáre kí oṣù tó parí.

Títílọpẹ́ rí férémù yìí níjọ́ kan. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó tún yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Ihò ọta máa ń ní ẹ̀gbẹ́ dúdú bíi pé wọ́n fi èédú kùn ún. Ti inú férémù yìí, àwọ̀ búlúù ló wà létí rẹ̀. “Uncle,” ó ní, “ọta kì í fi íńkì sílẹ̀.”

Ààrẹ rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. Ó ní ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn ríran dáadáa. Títílọpẹ́ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní fìlà náà fúnra rẹ̀ kò burú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó tí ìbọn wọn sì gún. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn máa ń gbọ̀n bí ọta bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀tù tí òun wọ̀n fún un, bí ọ̀pá yẹn ṣe ń gbọ̀n láìdé nǹkan kan lòun fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá gbé irin ńlá kà á lẹ́nu, ó di ìbọn mìíràn. Ó ní kó gbé ìbọn náà wá pẹ̀lú fìlà lórí, kí àwọn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì tún awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán lórí rẹ̀ tò. Ó máa gba Sátidé bíi mélòó kan.

Akíntóyè ní òun kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń wá bá òun. Ó ní bó bá tiẹ̀ fẹ́ ran òun lọ́wọ́, kó fi ẹ̀tù kún un, torí oúnjẹ Ààrẹ kò yẹ kó kéré báyẹn. Títílọpẹ́ ní bí òun bá fi ẹ̀tù kún un ju bó ṣe yẹ lọ, ìbọn yóò tú sí i lójú, òun kò sì ní wá síbi ìsìnkú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àṣẹ jáde: gbogbo ìbọn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dé fìlà irú èyí. Wọ́n rà á. Ẹ ò rí àpọ́nlé burúkú? Àwọn tó ti ń ba àárín bébà láti ọdún pípẹ́ kò ba ara bébà mọ́. Ọta ń lọ sí ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì, pásítọ̀ yin tirẹ̀ lu òpó. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé fìlà ni, torí àgbà ló fún wọn ní fìlà. Oníkálukú ní ojú òun ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ayé ló ń ṣe òun. Lábẹ́lẹ̀, wọ́n ń pe Títílọpẹ́ lórí fóònù ní Norcross: Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ọta tí ẹ dì fún mi yìí, ṣé kò tíì bàjẹ́?

Títílọpẹ́ wá sí ìpàdé pẹ̀lú rúlà kan. Ó tẹ ìdí rúlà mọ́ etí tábìlì, ó fi ìka ta á, ó gbọ̀n rìrìrì. Ó lẹ ẹyọ owó mọ́ orí rẹ̀, ó tún ta á, ó gbọ̀n lọ́nà mìíràn, ó falẹ̀. Ó ní ohun tó ń ṣe ọ̀pá ìbọn wọn tó dé fìlà nìyẹn. Gbogbo wọn rí i. Gbogbo wọn wo ojú Ààrẹ, gbogbo wọn sì ní àwọn kò rí nǹkan kan. Akíntóyè lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ méjì: pé ìbọn rẹ̀ ń rìn láìdé fìlà, àti pé ó mú rúlà wá sí ìpàdé àgbà.

Ọjọ́ Àwo wá ń sún mọ́lé. Akíntóyè ní ọdún yìí kò ní jẹ́ àtẹnudẹ́nu. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ìdí àwo, kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sábẹ́ àtíbàbà, kí gbogbo ayé máa wò ó bó ṣe ń ba àwo. Olúdáre rò ó wò. Irin ni àwo, báírò kò lè gún un, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀ tó ranjú kalẹ̀. Ó lọ bá Ààrẹ nínú ọ́fíìsì ní Fayetteville, ó ní òun lérò kan: kí wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí ìbọn lọ́jọ́ náà, kí òun máa gbé e tẹ̀ lé Ààrẹ lórí tìmùtìmù, kí àwọn èèyàn lè rí i dáadáa. Ohun tó sún mọ́ òtítọ́ jù tí ẹnu rẹ̀ lè gbé nìyẹn. Akíntóyè wò ó láti òkè délẹ̀. Ó bi í bóyá òun náà yóò ṣí ṣòkòtò kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Ohun mìíràn tún wà tí Ààrẹ ń ṣe. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yóò yọ fìlà náà, yóò fi aṣọ àti òróró nù ún títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, yóò sì tún fi ọwọ́ lásán dé e padà bí ẹni dé ìgò epo. Kò fún un le. Ó ní irin ńlá báyẹn mọ àyè ara rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Èrò pọ̀, wọ́n wá láti Norcross, wọ́n wá láti Fayetteville. Férémù onígíláàsì wà lórí àga kan fúnra rẹ̀. Ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n to àwọn ẹni iyì sí ọ̀tún àti òsì òun, kí wọ́n sún mọ́ òun gan-an kí wọ́n lè gbọ́ bí òun ṣe ń mí. Yéjídé, ìyàwó rẹ̀, ló jókòó sún mọ́ ọn jù, ó dé wíìgì tuntun lé ohun ìbotí. Eli tó ń bójú tó ààbò pápá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún sẹ́yìn. Àtìláńtà ni wọ́n bí Eli sí, ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lókè kò nísàlẹ̀. “E joo sa,” ó ní, “ategun fila yen, egbe lo n gba.” Ààrẹ ní òun kò gbọ́ Yorùbá yẹn.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá òun, ó sì jẹ́ kó dà bíi pé Ọlọ́run náà yẹ kó dúpẹ́. Bàbá Mùkáílà jókòó lẹ́yìn gbogbo èèyàn, Títílọpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn aláìdéfìlà tirẹ̀. Wọ́n ti lé e nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ́ ló ni pápá.

Ààrẹ jókòó, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí ìbọn, ó yìn ín. Afẹ́fẹ́ já gba ẹ̀gbẹ́ fìlà lọ́tùn-ún lósì. Fìlà pásítọ̀ gbéra, ó fò. Wíìgì Yéjídé ṣí kúrò lórí, ó ré kọjá tábìlì méjì, ó bọ́ sínú kúlà ìrẹsì. Eruku bo gbogbo ẹni iyì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ààrẹ ṣì di ojú, ó ń retí ìyìn. Orí tẹlifíṣọ̀n, àwo funfun báláú, kò ní àpá kankan. Ẹnì kan kígbe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àwọn tó kù sì rọra pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ààrẹ lajú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé àga yẹn, ó wo ibi tí ọta rẹ̀ bà.

Ó ní Olúdáre, lọ wò ó wá. Olúdáre ti dìde tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò lórí báírò, kí Eli tó ní kò sẹ́ni tó máa kọjá ìlà nígbà tí ìbọn wà lórí tábìlì. Olúdáre tún jókòó. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kejì. Yẹ̀pẹ̀ ta ní ìsàlẹ̀ àwo lápá ọ̀tún, gbogbo èèyàn rí i gbàgàdà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Yéjídé yọ wíìgì kúrò nínú ìrẹsì, ó gbọn ọ́n, ó gbé àga rẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Mùkáílà. Òógùn ń ṣàn sí Akíntóyè lójú. Ó ku ọta kan. Ẹyọ kan yẹn ló dúró láàárín òun àti Mister A.

Títílọpẹ́ ló dìde lọ bá a. Ó rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè. Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Ọta tó kù nínú èyí tí òun fọwọ́ dì ni kò fẹ́ kó ṣòfò. “Uncle, ẹ yọ fìlà yẹn. Ọta yẹn mọ ìbọn yín. Ẹ yọ ọ́, ẹ yìn ín bí ẹ ṣe yìn ín lọ́dún tó kọjá, àwo á dún, ẹ ó sì wà lórí àga yín.”

Òótọ́ ni. Ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ gbéra lọ sí ìdí fìlà náà, ó kàn án, ó gbọ́ bó ṣe ń mì. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń wò ó. Bó bá yọ ọ́, a jẹ́ pé rúlà jàre, férémù purọ́, òun sì ti fi gbogbo ọdún ṣe òmùgọ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó gbé ohùn sókè kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́. “Èmi Akíntóyè kò ní ṣí orí ìbọn mi sílẹ̀ níwájú obìnrin tó ń ta oògùn ikọ́.”

Ó yìn ín. Irin dún kín-ín. Fìlà aláwọ̀ góòlù já kúrò lẹ́nu ìbọn, ó fò síwájú, ó yí gbirigbiri nínú koríko, ó sì dojú délẹ̀. Ọta ti kọ lù ú nínú, torí kò fún dáadáa, ó sì ti yà bàrá. Orí tẹlifíṣọ̀n, àwo ṣì funfun báláú. Eli dá ìyìnbọn dúró, ó yẹ ìbọn wò, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akíntóyè rìn padà sí àga pupa, ó jókòó, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ àwo náà wò, torí òun gbọ́ ọ bó ṣe dún. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ní kámẹ́rà ni. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ń tẹ́ bó ṣe ń gùn.

Bàbá Mùkáílà dìde láti ẹ̀yìn, ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀. “Akíntóyè, dìde. Èmi náà dìde.”

Ó dìde. Kò fọwọ́ nu àga.

Àwọn tó máa ń kí i kú ewu bó bá sín, àwọn ló kọ́kọ́ sáré mú ìbọn láti wá àga náà. Gbogbo wọn dé fìlà, gbogbo wọn sì tàsé lọ́kọ̀ọ̀kan, pásítọ̀ tún lu òpó. Nígbà tó kàn Títílọpẹ́, ó jókòó, ó mí sínú, ó mí síta, ó yìn ín. Àwo dún gbàn-án, ó ń yí lójú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi so ó rọ̀. Ó gorí àga. Wọ́n retí ọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà, ó ní kí wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n yẹ ìrẹsì wò dáadáa kí wọ́n tó bu ú.

Akíntóyè gbé férémù rẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní parking lot. Ẹni tó máa ń ka oyè rẹ̀ kọjá níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ, kò wo ibẹ̀. Oòrùn ń wọlé gba gíláàsì. Ó gbé férémù sí orí itan, ó wò ó pẹ́. Ọta kì í fi íńkì sílẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn férémù, ó yọ bébà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ bí obìnrin yẹn ṣe ṣe. Lẹ́yìn náà ló mú báírò tó wà nínú ọkọ̀, èyí tó fi máa ń kọ shift, ó tì í bọ ihò àkọ́kọ́. Ó wọlé rẹ́gí. Ó tì í bọ ìkejì, ó wọlé. Kò dán ìkẹta wò.

Olúdáre wà nítòsí, ó ń ká okùn tẹlifíṣọ̀n jọ. Akíntóyè sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó pè é. Olúdáre wá, ó rí báírò nínú bébà, ó dúró. Kò dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin inú ọkọ̀ kò bú u, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé Olúdáre ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. Ó bi í pé yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún mọ̀.

Olúdáre wo bàtà rẹ̀, ó wo àwọn tó ń jẹun lábẹ́ àtíbàbà pápá, ó tún wò ó lójú.

“Gbogbo wa ni, Uncle.”